Ẹsẹ̀ tí ó Rìn, Etí tí ó Gbọ́, Ọwọ́ tí ó Kọ: Ìrántí Fadá Thomas Moulero

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn Kátólíìkì elédè Yorùbá ní Kútọnu, ní àsìkò Jùbílì ìjọ wa)

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ọ̀rọ̀ sísọ, ìwé kíkà àti ìrìn rírìn ṣe lè gbé ìgbàgbọ́ wa ró. Bí mo ti ń rò ó, ọ̀nà Émáúsì ni ọkàn mi lọ. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn méjì ń rìn lọ tìbànújẹ́tìbànújẹ́. Olúwa wa kò dá wọn dúró. Ó bá wọn rìn, ó bi wọ́n léèrè, ó fetí sílẹ̀, kí ó tó wá ṣí Ìwé Mímọ́ payá fún wọn. Ìrìn ni ó ṣíwájú, gbígbọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìwé dé.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà tí ìgbésí ayé rẹ̀ mú mi rántí ọ̀nà yìí. Òun ni Fadá Thomas Moulero, ọmọ Kétu. Ọdún 1861 ni àwọn Fadá SMA gúnlẹ̀ sí Wídà. Ó tó ọdún 67 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1928, ọjọ́ Ìgbàsókè Ìyá Wa Màríà, kí ọmọ Dàhòmì àkọ́kọ́ tó gba oyè àlùfáà. Moulero ni ẹni náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ohun yìí ti jinlẹ̀ tó. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì pa Kétu run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun ọba Béhanzin ni àwọn tí ó kù tó padà wá tún ìlú wọn dó. Ọdún 42 péré lẹ́yìn ìparun náà, ọmọ Kétu dọ̀bálẹ̀ níwájú pẹpẹ ní Wídà, ìlú tí ó ti wà lábẹ́ ọba Dàhòmì rí, ó sì dìde ní àlùfáà fún gbogbo wa, àti Fọ̀n, àti Gùn, àti Nàgó. Bí a bá jókòó pọ̀ lórí àga kan náà ní Mísà lónìí, kí a má ṣe rò pé ohun kékeré ni.

Moulero kò sì jẹ́ kí ìtàn ìlú rẹ̀ ṣòfò. Ní Àjàṣẹ́, ní ọdún 1925, Fadá Francis Aupiais dá ìwé ìròyìn *La Reconnaissance africaine* sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí lè fi ọwọ́ ara wọn kọ nípa àṣà àti ìtàn wọn. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ Moulero lórí Kétu ti jáde. Ìtàn bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àpótí ìwé kankan nígbà náà. Ẹnu àwọn àgbà ni ó wà. Ẹni tí yóò kọ ọ́ ní láti rìn tọ̀ wọ́n lọ, kí ó jókòó, kí ó gbọ́. Nígbà tí Parrinder, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ṣe ìwé tirẹ̀ lórí Kétu ní ọdún 1956, ó rí iṣẹ́ àlùfáà wa yìí lò.

Ẹ̀yin ará, mo ní ìjẹ́wọ́ kan láti ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ darí Rosary ní èdè wa ní àdúgbò yìí, wọ́n sì mọ àgbàlá tí wọ́n ń péjọ sí. Ìgbàkígbà ni mo ń sọ pé, "Màmá, bí Àjíǹde bá kọjá, n óò mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá." Wọ́n a rẹ́rìn-ín, wọ́n a ní, "Ìwọ sáà máa bọ̀." Ọyẹ́ ọdún kan ni wọ́n fi sùn nínú Olúwa. Ní ọjọ́ ìsìnkú, ọmọ-ọmọ wọn bi mí ní ìtàn náà. Ìdajì ni mo lè sọ. Nínú ìwé ìrántí tí a ń tẹ̀ yìí, ojú ewé tí ó yẹ kí ìtàn yẹn wà kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́ta ní ọdún Jùbílì yìí.

Èkíní, kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan yan àgbà kan nínú ìjọ, kí ó lọ gbọ́ ìtàn rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí àgbà náà fi sọ ọ́.

Èkejì, kí a máa péjọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti ka ìwé pọ̀, kí ẹni tí ó mọ̀wé kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ̀kẹta, kí a máa rìn. Bí a bá lọ sí Ìdàáṣà, sí ihò àpáta Ìyá Wa ti Arigbo tí ó ti wà láti ọdún 1954, ẹ má jẹ́ kí a kàn sáré wọ ọkọ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn òkè náà, kí a wo igi àti òkúta, kí a dákẹ́. Ní ọdún 2015, Póòpù Francis kọ ìwé *Laudato Si'* láti rán wa létí pé ilé gbogbo wa ni ayé yìí. Àwa tí a ti rí i bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ ní ìlà-oòrùn Kútọnu kò yẹ kí a gbàgbé.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí Olúwa tí ó bá àwọn ará Émáúsì rìn bá wa rìn, kí ó sì fún àwọn àgbà wa ní ẹ̀mí gígùn títí a ó fi gbọ́ tiwọn. Àmín.