Bí Ọdẹ Kò Bá Lu Irin Mọ́: Ọ̀rọ̀ lórí Ṣíṣọ́ Agbo Dátábéèsì

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà pé kí ló da ọdẹ pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọdẹ ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí alẹ́ ọjọ́ kan.

Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017 ni. GitLab ni ilé-iṣẹ́ tó ṣẹlẹ̀ sí; ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kárí ayé ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí. Sáfà méjì ló ń gbé dátábéèsì wọn, irú èyí tí à ń pè ní PostgreSQL. Èkíní ni olórí: òun ló ń gba gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn bá kọ. Èkejì ni igbákejì: ohun tí olórí bá kọ ni òun náà ń dà kọ, kó lè gorí àga bí olórí bá ṣubú. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni mò ń pè ní agbo dátábéèsì lónìí, ìbáà jẹ́ sáfà méjì, ìbáà jẹ́ ogún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn tó máa ń da ìkọkúkọ síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì ya bo ojúlé náà. Ẹrù wọ olórí lọ́rùn, igbákejì kò lè bá a rìn mọ́. Ó fi nǹkan bíi gígábáìtì 4 rẹ̀yìn, ó sì kúkú jókòó sílẹ̀.

Ẹnjiníà kan ti ní òun ń lọ sùn torí ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tirẹ̀. Nígbà tó rí i pé igbákejì ti dákú, ó jókòó padà. Ó gbìyànjú títí, kò bọ́ sí i. Ó wá rò ó pé bóyá fódà tí dátà àtijọ́ wà nínú rẹ̀ lórí igbákejì ló ń dènà iṣẹ́, ó sì ní kí ẹ̀rọ pa fódà náà rẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan, ó pẹ́ jù méjì, àyà rẹ̀ já: orí olórí ló wà, kì í ṣe orí igbákejì! Ó dá a dúró kíá. Nínú nǹkan bíi gígábáìtì 300, gígábáìtì mẹ́rin àbọ̀ ló ṣẹ́kù.

Ẹ má bú ọmọ náà. Ojú ìwé tí a fi ń bá sáfà méjèèjì sọ̀rọ̀ jọra bí ìbejì, nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú orúkọ wọn ló yàtọ̀, òru sì ni. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní a ní ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ jẹ́ ká lọ gbé e. Lójoojúmọ́ ni ó yẹ kí ètò kan máa ṣe ẹ̀dà dátábéèsì, kó sì kó o lọ síbi ìpamọ́ lókè òkun. Wọ́n débẹ̀, ibẹ̀ ṣófo. Ètò tó ń ṣe ẹ̀dà jẹ́ ti ẹ̀yà 9.2, dátábéèsì fúnra rẹ̀ ti wà ní 9.6, ètò náà sì kọ̀ láti fọwọ́ kan ohun tó jù ú lọ. Ṣé ó wá dákẹ́ ni? Kò dákẹ́ o. Gbogbo ìgbà tó bá kùnà ló ń fi í-meèlì ránṣẹ́ pé òun kùnà. Ṣùgbọ́n í-meèlì náà kò ní òǹtẹ̀ tí àpótí ìgbàwé wọn ń béèrè, àpótí náà sì ń dá a padà. Ó ń ké, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ ọn.

Ohun tó yọ wọ́n ni pé ẹnjiníà kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán dísíìkì náà ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Orí ló bá wọn ṣe é. Ohun tó wọlé láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn ṣègbé: nǹkan bíi iṣẹ́ 5,000, èsì ọ̀rọ̀ 5,000, àti àwọn aṣàmúlò tuntun bíi 700. Wọ́n sì ṣe ohun kan tí mo bọ̀wọ̀ fún: wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe hàn lórí YouTube, gbogbo ayé jókòó ń wò wọ́n. Àwa níbí, a ó ti sọ pé ẹ̀rọ ń gba ìtọ́jú.

Ọdẹ wá dé wàyí. Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí, ọdẹ máa ń fi irin lu òpó iná ní wákàtí wákàtí. Aago kan, ẹ̀ẹ̀kan. Aago méjì, ẹ̀ẹ̀mejì. Àwa ọmọdé rò pé olè ló fi ń lé. Ìyá mi kò fìgbà kan jí nítorí ariwo irin yẹn. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́ta bá kọjá tí irin kò dún, wọn á dìde jókòó lórí ibùsùn, wọn á rọra fà mí lẹ́sẹ̀: “Ìwọ, o gbọ́ ọdẹ?”

Ìbéèrè yẹn ni kò sí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Ẹ mọ dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò: abẹ́rẹ́ eré, abẹ́rẹ́ epo, iná pupa tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Ti kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan lára ògiri, àwọn àpótí kéékèèké tí wọ́n ń pè ní wíjẹ́ẹ̀tì sì wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ nǹkan kan nípa agbo dátábéèsì. Wọ́n máa ń ya dísíìkì, wọ́n máa ń ya iye ènìyàn tó wọlé. “Ìgbà wo la gbúròó ẹ̀dà ìpamọ́ kẹ́yìn, báwo ló sì ṣe tóbi tó?” ni mi ò rí. Ká ní wíjẹ́ẹ̀tì kan wà ní ọ́fíìsì GitLab lọ́jọ́ náà tó ń ka wákàtí sókè láti ìgbà tí ẹ̀dà kẹ́yìn ti dé, ẹni tó ń gbálẹ̀ gan-an ì bá ti béèrè pé kí ló dé tí òǹkà yìí kò dúró.

Àìsàn kìíní dáṣíbọ́ọ̀dù nìyẹn, pé kì í ka ìdákẹ́ sí. Èkejì, pé iná lè sọ ohun tí a pa láṣẹ dípò ohun tó ṣẹlẹ̀, dàgbà ju kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1979, ní ilé iná átọ́míìkì Three Mile Island ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Amẹ́ríkà, ẹnu ihò kan tó yẹ kó pa dé kò pa dé. Omi tó ń tu ẹ̀rọ lára ń jò lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wo pátákó, iná ihò náà ti kú, wọ́n gbà pé ó ti pa dé. Ohun tí iná náà ń sọ ni pé iná mànàmáná tó ń ṣí ihò náà ti gé, ìyẹn ni pé àṣẹ ti lọ. Kò sọ pé wọ́n ti jẹ́ àṣẹ náà. Ó lé ní wákàtí méjì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, nígbẹ̀yìn, nǹkan bíi ìdajì inú ẹ̀rọ náà yọ́. Lákòókò kan náà, ìkìlọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ń pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, débi pé ìwé tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde láti fi ṣàlàyé wọn fi wákàtí rẹ̀yìn.

Dátábéèsì kún fún irú iná bẹ́ẹ̀. Ní MySQL, òǹkà kan wà tó ń sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí igbákejì fi rẹ̀yìn olórí. Ọ̀pọ̀ ń fi òǹkà yìí ṣe wíjẹ́ẹ̀tì, wọ́n bá rí òdo, ọkàn wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òǹkà yẹn ń wọ̀n ni àlàfo tó wà láàárín iṣẹ́ tó ti dé ọwọ́ igbákejì àti èyí tó ti ṣe. Bí ọ̀nà àárín wọn bá dí tí iṣẹ́ kò dé, igbákejì á ní òun kò jẹ iṣẹ́ kankan, òdo á máa tàn bí oṣù. Òótọ́ ló ń sọ. Ọmọ tí wọn kò rán níṣẹ́ kò lè ní òun pẹ́. Ti PostgreSQL a máa yí padà sí òdì kejì: bí ẹ bá bi igbákejì pé báwo ni ohun tó dà kọ kẹ́yìn ṣe pẹ́ tó, lóru tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sórí olórí, òǹkà náà á máa gòkè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó sọnù. Ẹni tó bá so aago ìkìlọ̀ mọ́ ìyẹn kò ní sùn lọ́jọ́ Kérésìmesì.

Ọ̀nà àbáyọ ni irin ọdẹ. Ẹ dá tébù kékeré kan sílẹ̀ nínú dátábéèsì, ìlà kan ṣoṣo ni kó ní. Kí ètò kan máa kọ aago ìsinsìnyí sínú ìlà yẹn lórí olórí ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá. Kí wíjẹ́ẹ̀tì yín máa ka ìlà kan náà lórí igbákejì, kó yọ ọ́ kúrò nínú aago ìsinsìnyí. Bí olórí bá kú, bí ọ̀nà bá dí, bí igbákejì bá ń tòògbé, òǹkà á gòkè. Fún MySQL, irinṣẹ́ kan wà láti ọ̀dọ̀ Percona, pt-heartbeat, tó ń ṣe èyí gan-an. Kìkì pé aago sáfà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó rí igbákejì tó ń ka ìròyìn ọ̀la.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé e kalẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, owó kọ́ ni ìṣòro. Prometheus, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní SoundCloud lọ́dún 2012, ọ̀fẹ́ ni. Grafana, tí Torkel Ödegaard gbé jáde lọ́dún 2014, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Prometheus ló ń tọ àwọn sáfà lọ, tí ń kan ilẹ̀kùn wọn, bóyá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ń béèrè pé báwo ni. Grafana ló ń ya ìdáhùn sínú wíjẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ràn pé Prometheus fúnra rẹ̀ ló ń lọ, nítorí pé bí sáfà kan kò bá dáhùn, ó ń kọ òdo sílẹ̀ fún un lábẹ́ orúkọ kan tí ń jẹ́ up. Ẹ fi wíjẹ́ẹ̀tì up ṣíwájú gbogbo nǹkan. Bí ẹ bá sì ń ṣètò ìkìlọ̀ nínú Grafana, ó máa béèrè lọ́wọ́ yín pé kí ni kí òun ṣe bí dátà kò bá wọlé rárá. Ẹ má tẹ èyí tó ní kó gbà pé kò sí wàhálà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ rí.

Ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Dísíìkì olórí ní wíjẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, mo sì tún ti sọ fún wíjẹ́ẹ̀tì náà pé bí ìdáhùn kò bá dé, kó máa na ìlà èyí tó rí kẹ́yìn lọ, torí pé ìlà tó já ń bí ọ̀gá wa nínú. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi wo ìlà kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdá mọ́kànléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá ní ó dára, ara ẹ̀rọ ti balẹ̀. Dísíìkì ibi tí ènìyàn ń ṣòwò kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀! Ètò tó ń wọn dísíìkì ti kú láti ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ karùn-ún ni dísíìkì kún, tí dátábéèsì kò gba ìkọ̀wé mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ìlà tó gún régé, ẹ̀rù a bà mí ju èyí tó ń jó lọ. Ọ̀pọ̀ dánfó ló wà tí abẹ́rẹ́ epo rẹ̀ ti gan sójú kan láti ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n awakọ̀ tirẹ̀ mọ̀ pé ó ti kú.

Mo ní kí n fẹnu kan ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ẹ má fi àròpín wọn bí dátábéèsì ṣe ń yára dáhùn. Ká ní ìbéèrè 100 wọlé. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún rí ìdáhùn láàárín ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kan yòókù dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Àròpín á sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni. Kò sí ẹnì kankan nínú ọgọ́rùn-ún náà tí ó ṣẹlẹ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ẹ ya ti ẹni tó pẹ́ jù sọ́tọ̀, torí òun ni yóò pe fóònù yín.

Lórí iye wíjẹ́ẹ̀tì, èmi ahun ni. Ìwé tí àwọn ẹnjiníà Google gbé jáde lọ́dún 2016 dárúkọ mẹ́rin tí kò gbọ́dọ̀ sọnù: bí ìdáhùn ṣe ń pẹ́, bí ìbéèrè ṣe pọ̀, iye èyí tó kùnà, àti bí ẹ̀rọ ṣe kún tó. Ẹ fi mẹ́rin wọ̀nyí sí òkè, up níwájú wọn, irin ọdẹ ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìyókù lè wà nísàlẹ̀ fún ọjọ́ tí a bá ń wádìí.

Wíjẹ́ẹ̀tì kan ṣì kù, kò rẹwà, kò ní ìlà, kò ní àwọ̀. Déètì ni. Lára ògiri ọ́fíìsì mi báyìí, ó wà ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí a ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ kẹ́yìn ló ń sọ. Ọjọ́ tí a gbé ẹ̀dà náà sórí sáfà òfìfo kẹ́yìn ni, tí a ṣí i, tí a ka iye ìlà inú rẹ̀, tó sì pé. Ètò kan ló ń ṣe é lóru Sọ́ńdè. Bí iye ìlà kò bá pé, déètì náà kò ní yí padà. Mo wò ó kí n tó kúrò nílé láàárọ̀ yìí, lórí fóònù: ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn.

Arákùnrin tó wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn ti ń nawọ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ MySQL. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé gbohùngbohùn fún un.