Ẹ Má Fi Ìwé Ẹgbẹ́ Di Àkàrà

 

Ìyá wa Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Eréko l'Ékòó, ló kó àwọn ọlọ́jà dìde lórí owó orí obìnrin ní 1940. Obìnrin tó ń rí ju £50 lọ́dún ni ìjọba òyìnbó fẹ́ kó san; wọ́n sún un sókè di £200. Báwo la ṣe mọ̀? Ìwé ni. Àwọn ìwé tí Herbert Macaulay kó pa mọ́ ṣì wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn.

Tiwa ńkọ́? Ìwé ìpàdé, rìsíìtì owó ìsọ̀, kóńgò àwọn ìyá wa, gbogbo ẹ̀ ń ṣòfò. Bí wọ́n bá ní ta ló ni ìsọ̀ lọ́la, kí la ó fi hàn?

Ẹ kó wọn wá. N ó kọ orúkọ olóhun sí i lára, a ó sì tì í mọ́ àpótí ẹgbẹ́.