Ọpẹ́ Yẹ Àwọn tí Kò Gba Àmì-Ẹ̀yẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ òní jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí orúkọ wọn kì í jáde nínú ìwé ìròyìn nígbà tí eré ìdíje bá parí. Àwọn ni ó yọ̀ǹda ara wọn láìgba kọ́bọ̀, kí Ìdíje Àgbáyé ti àwọn tí a pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún lè yọrí sí rere.

Ìlú Portsmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni oníṣẹ́-abẹ kan, Maurice Slapak, ti dá ìdíje yìí sílẹ̀ ní ọdún 1978. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1954 ni Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣe àṣeyọrí nínú pípààrọ̀ kíndìnrín ní ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń wo ẹni tí a pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún bí ẹyin tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bọ́. Slapak fẹ́ kí ayé rí i pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sáré, kí ó lúwẹ̀ẹ́, kí ó sì gbádùn ayé rẹ̀. Nǹkan bí 100 olùdíje ni ó péjọ ní ọdún náà. Nígbà tí ìdíje náà wáyé ní Newcastle àti Gateshead ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, orílẹ̀-èdè bíi 60 ni ó kópa nínú rẹ̀. Ọmọdé wẹ́wẹ́ wà láàrin wọn, àwọn tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún náà sì wà.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ó mú kí iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ṣòro níbẹ̀ ju ti ìdíje mìíràn lọ. Ara ènìyàn a máa kọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí a fún ní kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn ní láti máa lo oògùn lójoojúmọ́, kí ara rẹ̀ má baà kọ àlejò náà. Oògùn kan náà a máa dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Oúnjẹ tí ó ti bàjẹ́ díẹ̀, ọwọ́ tí a kò fọ̀, tàbí oòrùn tí ó mú jù lè ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ibi. Ẹni tí ó ń bu omi fún olùsáré, ẹni tí ó ń ṣọ́ oúnjẹ, àti ẹni tí ó ń wá ibòòji fún àwọn tí ó ń dúró de eré wọn, ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n ń ṣọ́.

Ní ọdún 2021, àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí ìdíje náà wáyé ní Houston, nítorí pé àwọn tí ń lo oògùn yìí wà lára àwọn tí àrùn náà lè tètè pa. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Perth, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, ayọ̀ ńlá ni ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tún pé.

Àwọn òbí a máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú tí ọmọ wọn ti kú, tí wọ́n sì gbà, nínú ìbànújẹ́ wọn, pé kí a fi ẹ̀yà ara rẹ̀ gba ẹlòmíràn là. Olùyọ̀ǹda ara tí ó mú wọn lọ sí ibi ìjókòó wọn, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́, iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe.

Ìran Yorùbá mọ ọ̀wẹ̀, a sì mọ àárò. Ẹni tí ó bá ni roko lónìí, a ó bá òun náà roko lọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn tí à ń wí yìí ń ran àlejò lọ́wọ́, ẹni tí yóò padà sí ìlú rẹ̀, tí wọ́n lè má tún fojú kàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ẹni tí ó fi ẹ̀yà ara rẹ̀ sílẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, kò mọ ẹni tí yóò gbà á. Oore méjèèjì jọra, nítorí pé a kò retí ẹ̀san lórí wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé. Ní ọdún 2000 ni a ti ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín ní ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó, òfin ìlera ti ọdún 2014 sì ti kà á léèwọ̀ láti ta ẹ̀yà ara ènìyàn. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ọjà. Ó yẹ kí olúkúlùkù bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ ọ́ kí ọjọ́ tó le.

Sí gbogbo àwọn tí ó fa okùn òpin eré, tí ó wa ọkọ̀, tí ó kọ àkọsílẹ̀, tí ó gbá ilẹ̀ lẹ́yìn tí èrò ti tú ká: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ kò gba àmì-ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n oore kì í gbé.