Agbára nìkan kò tó



Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Alágbẹ̀dẹ lágbára lápá, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá gun ọ̀pẹ rí, ṣé a lè gbé igbà fún un lónìí, kí a ní kó gun ọ̀pẹ tó ga jù lọ nínú oko? Bó bá já bọ́, ta ló jẹ̀bi? Ṣé òun ni, àbí ẹni tó rán an?

Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Jámánì nígbà ogun Hitler, ogun tí àwọn kan nínú àwọn bàbá wa bá Faransé lọ jà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1941, Hitler kó ogun wọ ilẹ̀ Sófíẹ́tì. Ó rò pé yóò tètè parí. Kò parí. Òtútù ńlá dé, ìjà le, àwọn sójà Jámánì tó kú pọ̀ gan-an. Nígbà tó di 1942, àwọn ológun orí ilẹ̀ ń wá ènìyàn tí wọn yóò fi dípò òkú.

Níbo ni ènìyàn wà? Ó wà lọ́dọ̀ àwọn ológun òfurufú. Ẹ má rò pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń fò. Àwọn tó ń fò kò pọ̀. Àwọn tó kù wà nílẹ̀: wọ́n ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe, wọ́n ń ṣọ́ pápá, wọ́n ń fi wáyà ránṣẹ́, wọ́n ń kọ̀wé ní bírò.

Ó yẹ kí a fi wọ́n sáàárín àwọn sójà tó ti mọ ìjà orí ilẹ̀, kí wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Hermann Göring, olórí àwọn ológun òfurufú, kọ̀. Kò fẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ bọ́ sábẹ́ ọ̀gá mìíràn. Bí wọn yóò bá jà lórí ilẹ̀, abẹ́ òun ni wọn yóò ti jà. Hitler sì gbà fún un.

Báyìí ni wọ́n ṣe dá nǹkan bí 20 ẹgbẹ́ ogun ńlá sílẹ̀ ní 1942 àti 1943. Àwọn ènìyàn inú wọn tó bí 200,000. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Ara wọn le. Kí ni wọn kò ní? Ẹ̀kọ́ ni. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wọn pàápàá kò darí ìjà orí ilẹ̀ rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ ọ́n, olùkọ́ náà kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nígbà òtútù tó so 1942 pọ̀ mọ́ 1943, wọ́n ju ẹgbẹ́ 7 àti ẹgbẹ́ 8 sínú ìjà gbígbóná níhà Stalingrad. Ẹgbẹ́ méjèèjì fọ́. Wọ́n kó àwọn tó ṣẹ́kù sínú ẹgbẹ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá 1943, àwọn sójà Sófíẹ́tì kọlu ẹgbẹ́ 2 nítòsí ìlú Nevel. Wọ́n là á kọjá, wọ́n sì gba ìlú náà lọ́jọ́ kan náà.

Ní oṣù kọkànlá 1943, wọ́n wá fa àwọn ẹgbẹ́ náà lé àwọn ológun orí ilẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe ní 1942 ni. Ṣùgbọ́n òkú kì í padà wálé. Lẹ́yìn ogun, Erich von Manstein, ọ̀gágun Jámánì kan, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìwà wèrè gbáà ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Hitler kò jàre rárá nínú ogun yẹn. Nǹkan bí mílíọ̀nù 27 ènìyàn ló kú nínú àwọn ará Sófíẹ́tì. N kò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè káàánú ogun rẹ̀. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé ìgboyà kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́, àti pé nígbà tí olórí bá ń gbéraga, ọmọ ẹ̀yìn ló ń san gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe rí lé yín lọ́wọ́, ẹ bi í ní ohun méjì: Ta ni yóò kọ́ wa? Ṣé olùkọ́ náà ti ṣe é rí?

Bí alágbẹ̀dẹ bá sì já bọ́ lórí ọ̀pẹ, ẹ má wo òun nìkan. Ẹ wo ẹni tó gbé igbà fún un.