Kí Ọmọ Wa Tó Wọ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù Keje

Wọ́n ní kí n bá wa sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ wa kéékèèké tó máa wọ ilé ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án. Mi ò ní pẹ́, mo mọ̀ pé ọjà ń dúró dè wá.

Ẹ wò ó, tí ìwọlé bá ti ń sún mọ́lé, yunifọ́ọ̀mù, báàgì àti kúlà oúnjẹ la máa ń sáré lé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń san owó lẹ́sìn fún ọmọ ọdún mẹ́ta, kó lè mọ A-B-C kó tó débẹ̀. Kò burú. Àmọ́ A-B-C kọ́ ló ń pa ọmọ lẹ́kún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, kò mọ bó ṣe máa sọ fún tíṣà. Ebi ń pa á, kò lè ṣí kúlà. Ó wo yàrá yíká, kò rí ojú kan tó mọ̀. Ọmọ sì pọ̀ lọ́wọ́ tíṣà. Ọmọ tí kò lè sọ tẹnu ẹ̀, wọ́n á ní agídí ló ń ṣe, nígbà mìíràn wọ́n á nà án. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ilé ìwé ti ń wọ ọmọ lára, kì í sì í tètè lọ.

Torí náà, ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà họ́lídè yìí, ẹ jẹ́ ká fi kọ́ wọn ní nǹkan mélòó kan tí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Èkíní, kó lè ṣe é fúnra ẹ̀. Kó lè sọ pé òun fẹ́ tọ̀, kó bọ́ pátá, kó wọ̀ ọ́ padà, kó fi ọṣẹ fọwọ́. Kó ṣí kúlà, kó dé e. Kó wọ bàtà ẹ̀. Á pẹ́ lórí ẹ̀ o, á fi tòsì sí ọ̀tún, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Bàtà tí kò ní okùn ni kí ẹ rà, kí ṣòkòtò ẹ̀ jẹ́ onírọ́bà.

Èkejì, kó mọ orúkọ ara ẹ̀, orúkọ ìyá àti bàbá, àdúgbò tí ẹ ń gbé àti ọjà tí ẹ ti ń tajà. Ọmọ tó sọnù tó ní "Màámi" lorúkọ ìyá òun, ta ló máa mú un délé? Kó mọ ẹni tó máa wá mú un, kó má bá ẹlòmíì lọ, bí onítọ̀hún tilẹ̀ fún un ní bisikíìtì. Kó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa fọwọ́ kan òun lábẹ́ ṣeré. Tí ẹni kan bá ṣe é, kó wá sọ. Tó bá sì ń sọ, ẹ má jágbe mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Ẹ má bẹ̀rù pé Yorùbá máa dí i lọ́wọ́. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ yìí ò rẹ̀yìn, wọ́n mọ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá dáadáa. Nítorí náà, ẹ máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìsọ̀ wa gan-an, ilé ìwé ni. "Ṣa tòmátì márùn-ún wá." "Tàtàṣé wo ló pọ́n jù?" "Mo fún ìyá yìí ní méjì, mélòó ló kù?" Lálẹ́, ẹ pàlọ́ fún un.

Ẹ̀kẹrin, kó mọ́ ọn lára láti fi wá sílẹ̀. Ẹ fi í sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà méjì. Ẹ má yọ́ lọ. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ, pé ẹ ń bọ̀, kí ẹ sì dé lóòótọ́. Ẹ yéé fi tíṣà dẹ́rù bà á. Àwa tí a sì ń pẹ́ lọ́jà, kí ọmọ má bá wa jókòó di aago mẹ́wàá mọ́. Kó ti sùn ní aago mẹ́jọ, ká lè jí i láàárọ̀ láìsí ẹkún.

Ẹ̀karùn-ún, ìwé ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Àjọ Ètò Ìkànìyàn ń forúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀ fún ìwé ìbí. Ẹ wo káàdì àjẹsára ẹ̀ náà: ìgbà méjì ló yẹ kó ti gba abẹ́rẹ́ ìgbóná èéyi, ní oṣù 9 àti oṣù 15. Èyí tó bá kù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ń pè é lóòótọ́, àmọ́ ilé ò ní sinmi títí oṣù Kẹsàn-án. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè ọmọ.