Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí Kò Fi Ìmọ̀ Pamọ́

Àwa nọ́ọ̀sì mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ orí àti ọrùn kì í ṣe kékeré: ibẹ̀ ni ohùn, èémí àti oúnjẹ ń gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Johan Fagan ti Yunifásítì Cape Town kọ́ àwọn dókítà láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn níṣẹ́ yìí, ó sì ṣe olóòtú ìwé ńlá kan lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, bí dókítà bá bèèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè wà níbi àyẹ̀wò yín, ẹ má tètè kọ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò jẹ́ kó kọ́ṣẹ́ lónìí, báwo ni yóò ṣe tọ́jú ọmọ wa lọ́la?