Níbo Ni Igún Lọ?

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa sọ níbi ìpàdé ọdọọdún)



Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi àti ilé-ìwé ni a máa ń bá yín sọ ní ìjókòó yìí. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ẹyẹ kan ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti hu ewú, ẹ rántí bí igún ti máa ń bà sórí òrùlé odò ẹran wa ní òwúrọ̀. Bí àwọn alápatà bá ti da ìfun sílẹ̀, kí oòrùn tó kàn àtàrí, ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́la: ajá àti eṣinṣin ni ẹ óò bá. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò fi ojú kan igún rí; inú òwe nìkan ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe ìlú wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tí ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ní gbogbo ayé ka irú igún tí ó ń bá wa gbé láàárín ìlú yìí mọ́ àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n run tán.

Ta ni ó lé igún lọ? Àwa ni. Àwọn baba wa wí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í sì í fi igún bọ orí. Àwa fi ọwọ́ rọ́ èèwọ̀ náà sẹ́yìn. A ń ra orí rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́kùlẹ́jà fún àwúre, àwọn tí ń wá a fún títà sì ń fi májèlé sínú ẹran. Ní Guinea-Bissau, ní ọdún 2020, igún tí ó lé ní 2,000 ni májèlé pa. A sì bá àwọn kan nínú wọn láìlórí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lẹ́ẹ̀kan, orí igi gíga ni ó sì ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ yìí gan-an ni ó fọwọ́ sí i pé kí a gé àràbà ẹ̀yìn odò ẹran, kí a lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù ń wọlé. Igún kò padà mọ́. A tọrọ àforíjì.

Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ni ìlú pàdánù? Ẹ wo ilẹ̀ Íńdíà. Láti nǹkan bí ọdún 1990 sókè, wọ́n ń fún màlúù ní Diclofenac, oògùn ara ríro tí àwa náà ń lò. Igún tí ó bá jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ a bàjẹ́, a sì kú. Nínú 100 àwọn irú igún kan níbẹ̀, ó lé ní 95 tí ó ṣègbé. Òkú ẹran kún ilẹ̀, ajá pọ̀ sí i, àrùn digbòlugi sì gbilẹ̀. Ní ọdún 2006 ni ìjọba ibẹ̀ fi òfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn. Ọlọ́run kò dá ẹ̀dá kan láìní iṣẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí Kábíyèsí tún kéde èèwọ̀ pípa igún. Ẹ̀yin lẹ́kùlẹ́jà àti onísègùn, a kò pè yín ní ọ̀tá. Ẹ mọ ewé jù wá lọ, ẹ bá wa wá ohun tí ẹ óò fi rọ́pò rẹ̀. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da májèlé sára òkú ẹran, ìbáà ṣe nítorí ajá. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gé igi ńlá kan mọ́ ní ilẹ̀ ìlú láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Kí ẹ̀yin ọmọ wa ní ẹ̀yìn odi sì dáwó fún gbíngbin àràbà àti ìrókò. Àwa kò ní jókòó sábẹ́ òjìji wọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa yóò jókòó síbẹ̀.

Bí igún kan bá sì tún bà sórí òrùlé odò ẹran wa, ẹ má ṣe sọ òkò sí i. Ẹ jẹ́ kí ó jẹun.

Kí ìlú wa ó tòrò.